Àwọ̀ Ti Ṣí, Ìdúró Ló Kù

Ẹ wo ẹni tó ti ń retí ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà àárọ̀. Kó tó di ogún ìṣẹ́jú, ara ti ń wá ìsinmi. Á gbé ìwúwo rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, á dẹ orúnkún òsì. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, ìbàdí ọ̀tún á yọ sókè, èjìká ọ̀tún á rẹlẹ̀ díẹ̀, ọrùn á sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìdúró yìí.

Òkúta ni kò mọ̀ ọ́n. Ó gba àwọn agbẹ́kùúta ilẹ̀ Gíríìsì tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó rí òkúta kọ́. Nínú àwọn ère tó ṣẹ́kù sáyé, èyí tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí pé ó kọ́kọ́ dúró bẹ́ẹ̀ wà ní mùsíọ́ọ̀mù Acropolis nílùú Áténì. Ọmọkùnrin kan ni, òkúta mábù ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó ga ju mítà kan lọ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti sọnù. Ọmọdé Kritios ni wọ́n ń pè é, torí pé iṣẹ́ ara rẹ̀ jọ ọwọ́ agbẹ́kùúta kan tó ń jẹ́ Kritios. Nǹkan bí ọdún 480 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n dá iṣẹ́ náà sí.

Kí ọmọ yìí tó dé, ère ọkùnrin tó wà ní ìdúró nílẹ̀ Gíríìsì a máa nà gbọnrangandan bí òpó. Ojú ń wo iwájú gan-an, ọwọ́ rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ìkúùkù dì, ẹsẹ̀ òsì yọ síwájú, ṣùgbọ́n ìbàdí ò gbọ́ pé ẹsẹ̀ ti gbéra. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Íjíbítì ni wọ́n ti rí ìdúró yẹn. Àwọn oníṣòwò Gíríìkì ní ibùdó ní Naukratis lágbègbè odò Náílì, ojú wọn sì tó àwọn ère ńláńlá ibẹ̀. Ère Íjíbítì a máa sán bàǹtẹ́, a máa fẹ̀yìn ti òpó òkúta. Àwọn Gíríìkì mú ìdúró, wọ́n bọ́ bàǹtẹ́, wọ́n gé òpó ẹ̀yìn kúrò.

Èyí tó wù mí jù nínú àwọn ère àtijọ́ wọ̀nyẹn ni ti Kroisos, ère ojú oórì ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kú sójú ogun, tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 530. Àkọlé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní kí ẹni tó ń kọjá dúró, kó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹ wá gbójú sókè wo ẹni tí wọ́n ní ká ṣọ̀fọ̀: ẹ̀rín músẹ́ ló ń rín. Ẹ̀rín yẹn wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, yálà inú ń dùn ni tàbí inú ń bàjẹ́. Ó jọ pé ọ̀nà tí agbẹ́kùúta ìgbà náà mọ̀ láti fi hàn pé ẹ̀mí wà nínú òkúta nìyẹn.

Lọ́dún 480 náà ni àwọn ọmọ ogun Páṣíà wọ Áténì, tí wọ́n dáná sun orí òkè Acropolis, tí wọ́n sì fọ́ àwọn ère ibẹ̀. Nígbà tí àwọn onílùú padà dé, wọn ò tún wọn tò. Wọ́n kó wọn sínú ilẹ̀ òkè náà, wọ́n wa erùpẹ̀ bò wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n síbẹ̀ ná, a óò padà wá wú wọn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn ère tí wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn ìjà yẹn kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú wọn rọ̀, ẹnu wọn pa dé, wọ́n dà bí ẹni tó ń ronú ohun tí kò fẹ́ sọ.

Èlò náà yí padà. Òkúta ò gba gbogbo nǹkan: tí apá bá nà jìnnà jù, á kán; tí ọrùn ẹsẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, ìwúwo ara á ṣẹ́ ẹ. Idẹ ò ní wàhálà yẹn. Wọ́n á fi amọ̀ mọ inú ère, wọ́n á fi ìda bò ó, wọ́n á fín iṣan àti irun sára ìda, wọ́n á tún fi amọ̀ bo ìda náà. Tí iná bá mú un, ìda á yọ́ jáde, wọ́n á sì da idẹ yíyọ́ sí àyè tó fi sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí orí idẹ Ifẹ̀ ṣe ń jáde láti inú iná kò nílò àlàyé ju èyí lọ. Àwọn Gíríìkì a máa da apá lọ́tọ̀, orí lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á wá jó wọn pọ̀. Èyí ló fún wọn láyè láti ṣe ère bí èyí tí wọ́n fà jáde nínú òkun lẹ́bàá Artemision lọ́dún 1926 àti 1928: ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ga ju mítà méjì lọ, tó na apá méjèèjì bí àṣá tó fẹ́ bà, tó fẹ́ sọ nǹkan. Tó bá jẹ́ àrá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, Zeus ni. Tó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ni, Poseidon olúwa òkun ni. Ohun ọwọ́ rẹ̀ ti sọnù, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn títí dòní, bí ẹni ń jiyàn pé ṣé Ṣàngó lèyí àbí Olókun.

Ẹni tó wá sọ ìdúró ọmọdé Kritios di òfin ni Polykleitos ará Argos. Ní nǹkan bí ọdún 440, ó fi idẹ ṣe ọkùnrin kan tó gbé ọ̀kọ̀ lé èjìká, ó sì kọ ìwé láti ṣàlàyé bó ṣe ṣe é. Orúkọ tó fún ìwé náà ni Òṣùwọ̀n. Mi ò mọ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà tí ọkàn wọn le tó bẹ́ẹ̀, pé kí èèyàn ṣe ère kan kó sì sọ fáyé pé ohun tí ẹ ó máa fi wọn gbogbo ère nìyí. Ìwé náà ti sọnù, ẹnu àwọn tó gbọ́ nípa rẹ̀ la ti ń gbọ́. Galen, oníṣègùn tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, ṣàlàyé pé lójú Polykleitos, kò sí ẹ̀yà ara kan tó lẹ́wà fúnra rẹ̀. Inú ìbámu lẹwà wà: ìka sí ìka, ìka sí àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹwọ́ sí apá, títí gbogbo ara á fi máa dá ara wọn lóhùn. Orí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sábà máa ń wọ̀n ọ́n, jẹ́ bí ìdá kan nínú méje gíga ara.

Ẹ wo bó ṣe to ara ọkùnrin yẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ru ẹrù, ọwọ́ ọ̀tún rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì sinmi, ọwọ́ òsì ló gbé ọ̀kọ̀. Iṣẹ́ àti ìsinmi kọjá lórí ara wọn, wọ́n ń pe ara wọn bí lílé àti ègbè. Kò rìn, kò sì dúró. Ó jọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́sẹ̀ tó kẹ́yìn ni, tàbí pé ó fẹ́ gbé èyí tó tẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ wá ńkọ́? Ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ ò lè pè é ní ọmọ Lágbájá.

Níbí yìí ni mo máa ń rántí iṣẹ́ Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà tó lọ bá àwọn agbẹ́gilére àtàwọn tó mọ ère wò nílẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960, tó bi wọ́n pé kí ló ń mú ère dára. Ọ̀rọ̀ jíjọra wà lára ohun tó gbọ́. Ère gbọ́dọ̀ jọ èèyàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jọ ọ́ jù. Ó sì yẹ kó wà ní ọ̀dọ́, kódà bó bá jẹ́ arúgbó ni wọ́n ń gbẹ́. Mi ò sọ pé Argos àti Ọ̀yọ́ jókòó ìpàdé. Mo kàn ń sọ pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé ère tó bá jọ èèyàn jù ti di àwòrán ẹnì kan.

Nípa Phidias, n ò ní pẹ́. Òun ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ àwọn ère ilé òrìṣà Parthenon tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 447 sí 432, òun ló sì fi wúrà àti eyín erin ṣe òrìṣà obìnrin Athena tó ga tó bíi mítà méjìlá, àti Zeus ti Olympia tí wọ́n kà mọ́ ohun ìyanu méje ayé àtijọ́. Kò sí èyí tó kù nínú méjèèjì. Ohun tí wọ́n wú níbi tó ti ṣiṣẹ́ ní Olympia ni ife amọ̀ kékeré kan tí àkọlé ìdí rẹ̀ sọ pé ti Phidias ni. Wúrà lọ, ife amọ̀ kù.

Ìtàn Praxiteles dùn ju ìyẹn lọ. Ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, ó gbẹ́ òrìṣà obìnrin Aphrodite méjì, ọ̀kan wọ aṣọ, ọ̀kan wà níhòòhò, ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi ère òrìṣà obìnrin tó tóbi tó èèyàn ṣe rí. Pliny ará Róòmù ló sọ ọ́ pé àwọn ará Kos kọ́kọ́ yàn, wọ́n sì mú èyí tó wọṣọ, torí ojú tì wọ́n. Àwọn ará Knidos gba èyí tó kù. Láìpẹ́, ọkọ̀ ojú omi ń dé láti ibi gbogbo torí àtiwò ó. Ọba kan tó ń jẹ́ Nikomedes ní òun á san gbogbo gbèsè tí ìlú Knidos jẹ tí wọ́n bá ta ère náà fóun. Wọ́n ní àwọn ò tà. Wọ́n fara mọ́ gbèsè. Lẹ́yìn Praxiteles ni Lysippos dé, ẹni tó ń gbẹ́ ojú Alẹkisáńdà Ńlá. Ó dín orí kù sí bí ìdá kan nínú mẹ́jọ, ó sì mú ara tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Òṣùwọ̀n Polykleitos ò lò ju ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó tún un wọ̀n.

Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn ère wọ̀nyí wà? Idẹ kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí owó ń dùn. Nígbà tí ìlú bá nílò owó ẹyọ tàbí ìkòkò tàbí ohun ìjà, ère ni wọ́n ń sọ sínú iná, bí àwọn oníirin jákujàku ìsinsìnyí ṣe ń fojú sí ọ̀pá iná ìjọba. Nínú gbogbo idẹ tí Polykleitos dà, kò sí ẹyọ kan tó dájú pé ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí a ń wò nínú mùsíọ́ọ̀mù, tí a ń pè ní ère Gíríìkì, àwòkọ tí àwọn ará Róòmù ṣe ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn olówó Róòmù fẹ́ wọn fún àgbàlá ilé àti ilé ìwẹ̀ wọn, àwọn oníṣẹ́ sì ń fi irú ẹfun tí à ń pè ní POP, èyí tí a fi ń ṣe àjà ilé lónìí, mú àdàkọ ara idẹ. Lọ́dún 1954, wọ́n rí àfọ́kù irú àdàkọ bẹ́ẹ̀ ní Baiae nílẹ̀ Ítálì. Láti ara POP, wọ́n á gbẹ́ ẹ sí òkúta mábù. Òkúta ò sì lè ṣe ohun tí idẹ ń ṣe, nítorí náà wọ́n á fi kùkùté igi ti ẹsẹ̀ ère kó má bàa wó. Kùkùté tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọlọ́kọ̀ Polykleitos tó wà nílùú Naples, Polykleitos ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ère Naples yẹn, ìlú Pompeii ni wọ́n ti wú u, ó sì di ọdún 1863 kí Karl Friederichs ará Jámánì tó mọ̀ pé ọlọ́kọ̀ olókìkí nì ni.

Ti Myron, oníṣẹ́ ọnà Gíríìkì mìíràn, tún ju ìyẹn lọ. Ère rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti ọkùnrin tó tẹ̀ kọdọrọ tó fẹ́ ju àwo pẹlẹbẹ níbi ìdíje. Wọ́n rí àwòkọ kan ní Róòmù lọ́dún 1781: orí rẹ̀ yíjú wo ẹ̀yìn, ó ń wo àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rí òmíràn ní àgbàlá Hadrian, ọba Róòmù, ní Tivoli, èyí tó wà ní British Museum báyìí. Àwọn tó tún un ṣe fi orí sí i tó kọjú sí ilẹ̀, bí ẹni tí owó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí dòní.

Òkun bá wa tọ́jú díẹ̀ nínú àwọn idẹ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1972, òmùwẹ̀ kan ń wẹ̀ lábẹ́ omi ní Riace, ní gúúsù Ítálì, ló bá rí ọwọ́ tó yọ láti inú iyanrìn. Ó kọ́kọ́ rò pé òkú èèyàn ni. Jagunjagun idẹ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó bíi mítà méjì. Ètè wọn jẹ́ bàbà pupa, orí ọmú wọn bàbà, eyín ọ̀kan nínú wọn fàdákà. Ẹni tó bá ti ń wo òkúta funfun láti kékeré, tó wá dé iwájú àwọn méjì yìí, á mọ̀ pé wọ́n ti tan òun jẹ.

Síbẹ̀, àwòkọ Róòmù wọ̀nyẹn ló wá jọba lórí ayé. Lóṣù Kìíní ọdún 1506, wọ́n wú ère Laocoön àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí ejò ń wé mọ́ nínú ọgbà àjàrà kan ní Róòmù, Michelangelo sì wà lára àwọn tó lọ wò ó. Òun náà ló ti parí Dáfídì rẹ̀ ní 1504, ọmọ Jésè olùṣọ́ àgùntàn, tó dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún bí ọlọ́kọ̀ Polykleitos. Ní apá ìlà-oòrùn, ní Gandhara, tó wà láàárín Pakistan àti Afghanistan òde òní, àwọn Buddha wà tí ìṣẹ́po aṣọ wọn àti irun orí wọn fi hàn pé ọwọ́ Gíríìkì ti kan ibẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ṣe tiwọn dé ibi ẹ̀rín. Wọ́n ní kí Horatio Greenough gbẹ́ George Washington, ó sì gbé e jókòó bíi Zeus ti Olympia, àyà sílẹ̀ gbayawu, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, aṣọ lórí itan. Nígbà tó dé Washington ní 1841, àwọn èèyàn ń fi ààrẹ àkọ́kọ́ wọn ṣẹ̀fẹ̀ pé aṣọ rẹ̀ ló ń nawọ́ sí. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e kúrò nílé ìgbìmọ̀.

Gbogbo ìyẹn ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò ṣeé rín. Johann Winckelmann, ará Jámánì tó kọ ìwé ńlá lórí iṣẹ́ ọnà àtijọ́ lọ́dún 1764, kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gíríìsì rí. Róòmù ló jókòó sí, láàárín àwòkọ tí ọ̀dà wọn ti ṣí, tí wọ́n ti wẹ̀ tí wọ́n ti ha. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ara bá ṣe funfun tó ni ẹwà rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ayé gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ère náà ò funfun rí. Pliny ti sọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n bi Praxiteles pé èwo nínú àwọn ère òkúta rẹ̀ ló fẹ́ràn jù, ó ní èyí tí Nikias bá òun kùn ni. Àwọn ère tí a fi sínú ilẹ̀ Acropolis lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Nígbà tí wọ́n wú wọn ní àwọn ọdún 1880, ọ̀dà ṣì wà lára wọn: pupa lára irun àti ètè, aró àti àwọ̀ ewé lára aṣọ. Ilẹ̀ tọ́jú ohun tí oòrùn àti ọṣẹ bàjẹ́ lára àwọn yòókù. Síbẹ̀, ní 1937 sí 1938, àwọn òṣìṣẹ́ British Museum fi irin bàbà àti òkúta ìfágbá ha ara àwọn ère Parthenon, torí pé olówó tó ń kọ́ gbọ̀ngàn tuntun fún wọn fẹ́ kí wọ́n funfun. Ìgbà tí Vinzenz Brinkmann, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, fi ìmọ́lẹ̀ àrà ọ̀tọ̀ wá àmì ọ̀dà, tó kun àwòkọ wọn bí wọ́n ṣe rí, tó sì ṣí àfihàn rẹ̀ ní Munich ní 2003, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà á. Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù, pé ó dà bíi bèbí.

Ẹni tó bá ní kí ló kàn wá nínú ọ̀dà ara ère, kó lọ wo ìwé tí Josiah Nott àti George Gliddon tẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1854, nígbà tí wọ́n ṣì ń ta èèyàn níbẹ̀. Wọ́n ya orí mẹ́ta: ọ̀kan funfun lókè, ọ̀kan ti ọkùnrin dúdú láàárín, ọ̀kan ti ìnàkí nísàlẹ̀, láti fi hàn pé èyí tó wà láàárín sún mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ta wá ni wọ́n fi ṣe aṣojú èèyàn funfun? Apollo Belvedere. Ère! Àwòkọ Róòmù, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Wọn ò rí ọmọ aráyé kan tó funfun tó sì gún régé tó bí wọ́n ṣe fẹ́, ni wọ́n bá lọ mú òkúta.

Irú òṣùwọ̀n yẹn ni Leo Frobenius, onímọ̀ ará Jámánì, gbé dé Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1910. Nígbà tó rí orí idẹ kan nígbó Olókun, ìbàlẹ̀ ojú rẹ̀ àti ìbámu rẹ̀ rán an létí Gíríìsì, kò sì lè gbà pé baba àwọn tó yí i ká ló ṣe é. Ó ní Olókun, Poseidon ni, pé Ifẹ̀ ni àṣẹ́kù Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn Gíríìkì tí wọ́n ní òkun gbé mì. Ó tún kọ ọ́ pé ó dun òun pé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ló jogún irú ẹwà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1938, wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, wọ́n bá orí idẹ tó lé ní mẹ́wàá nínú ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn onímọ̀ dá wọn sí, nígbà tí Polykleitos ti kú fún ohun tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ọdún. Àmì ọ̀dà pupa àti dúdú wà lára díẹ̀ nínú wọn.

Ère tí mo bá fẹ́ fi dá Frobenius lóhùn ni ti ọba tí wọ́n wú ní Ìta Yemòó lọ́dún 1957. Kò ga tó ìdajì mítà. Ojú rẹ̀ rí bí ojú èèyàn gan-an, ọwọ́ tó ṣe é mọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń gun eegun. Ṣùgbọ́n orí yẹn gba bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo gíga rẹ̀. Ẹni tó lè ṣe irú ojú bẹ́ẹ̀ lè ka méje tó bá fẹ́. Orí ló ka sí, orí ló sì fún láyè. Polykleitos ka méje, Lysippos ka mẹ́jọ, ará Ifẹ̀ ka mẹ́rin, kálukú mọ ìdí tó fi kà á bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Yinka Shonibare, tí wọ́n bí ní London ní 1962 tó sì dàgbà ní Èkó, ti mú àwòkọ irú àwọn ère àtijọ́ wọ̀nyí, ó kun gbogbo ara wọn láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà ánkárá. Ánkárá fúnra rẹ̀, àwòkọ aṣọ alárà ará Indonesia tí àwọn ará Holland ṣe ni, kó tó wá di aṣọ ẹbí lọ́rùn wa. Ìdúró àtijọ́ wà níbẹ̀ láìyẹsẹ̀: ẹsẹ̀ kan ru ẹrù, ọ̀kan sinmi, ìbàdí yọ. Ní ipò orí, àwòrán ayé roboto ló gbé lé ọrùn wọn, irú èyí tí olùkọ́ jọ́gíráfì máa ń fi ọwọ́ yí lórí tábìlì. Kò ní imú, kò ní ojú, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn ibi tó yẹ kó máa wò.